Bí A Ṣe Ń Fi Dáìsì àti Ìwé Àtijọ́ Kọ Ewì

Ìwé Oníwàásù inú Bíbélì Yorùbá ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, òun náà ni màá fi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ ó ju dáìsì, dáìsì yóò mú yín lọ sí ẹsẹ kan nínú ìwé, ẹ ó já ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú ẹsẹ yẹn, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ní méjìlá, ẹ ó tò wọ́n di ewì. Ẹ kò ní fi ọ̀rọ̀ tiyín kún un. Títò yẹn gan-an niṣẹ́ wà, torí dáìsì kò ní etí. Àwa la ni etí.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé bí mo bá jókòó láti kọ ewì láti inú orí ara mi, àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń ṣáájú wá: ayé ọjà, ọ̀run ilé, òní ò rí bí àná. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ọ̀nà wá jù. Dáìsì kì í bá ẹnikẹ́ni mọ ọ̀nà. Ó lè gbé ẹyẹ kan ka iwájú mi ní àárọ̀ tí n kò rántí ẹyẹ kankan, ó sì di dandan kí n wá ibi tí màá fi í sí.

Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, akéwì èdè Látìn kan tó ń jẹ́ Ausonius fi àwọn ègé ìlà tó já láti inú ewì Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, to ewì ìgbéyàwó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣe òfin kan tí èmi náà ń pa mọ́ títí dòní: ẹni tó bá mú ìlà méjì tó tẹ̀léra nínú ìwé, iṣẹ́ ọ̀lẹ ló ṣe, ẹni tó bá mú mẹ́ta tẹ̀léra, kò ṣe nǹkan kan. Ní 1920, akéwì kan tó ń jẹ́ Tristan Tzara ní kí ènìyàn gé àròkọ inú ìwé ìròyìn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó kó wọn sínú àpò, kí ó rọra mì ín, kí ó sì da gbogbo rẹ̀ kọ bí ó bá ṣe ń jáde. Ní Paris ní 1959, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Brion Gysin ń fi ọ̀bẹ gé páálí lórí ìwé ìròyìn, ó rí i pé ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ ti gé, àwọn ègé náà sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Burroughs, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, onítọ̀hún sì fi ọ̀nà náà kọ odindi ìwé. Èmi kì í fi ewì mi sílẹ̀ bí ó ti jáde nínú àpò bíi ti Tzara, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nílé wa ńkọ́? Bí babaláwo bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kan nínú odù 256 ni yóò ṣí. Ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù kan kì í ṣe ẹyọ kan. Babaláwo yóò máa kì wọ́n, ẹni tó wá ṣèbéèrè yóò sì máa fetí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èyí tó ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Èmi kò fi eré ewì wé Ifá o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìdáfá ní olówó rẹ̀, ó sì ní ìdí rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí a jù sílẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tó ń gbọ́ ló ń mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìwé wo ni kí ẹ mú?

Ẹ mú ìwé tí èdè rẹ̀ jinlẹ̀, tí gbólóhùn inú rẹ̀ sì ṣe é já sí wẹ́wẹ́. Bíbélì Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, ni mo kà sí ìwé àtijọ́ tó ti wọnú ẹnu wa jù. Crowther fúnra rẹ̀, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, mọ bí Yorùbá ṣe ń dún létí àgbà, ó sì hàn nínú iṣẹ́ náà. Mo yan Oníwàásù nínú rẹ̀ fún ìdí méjì. Àkọ́kọ́, ó kún fún ohun tí ojú lè rí: odò, afẹ́fẹ́, òjò, ajá, ìkòkò, kànga. Èkejì, orí rẹ̀ jẹ́ 12, dáìsì sì mọ bí a ṣe ń ka méjìlá. Ẹsẹ inú rẹ̀ jẹ́ 222, ó pọ̀ tó, kò sì pọ̀ jù.

Bí ọkàn yín kò bá gbà á láti fi Ìwé Mímọ́ ṣe é, ẹ má ṣe é. Ẹ mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹ kàn rántí pé Fágúnwà kú ní 1963, òfin ẹ̀tọ́ oníwèé ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà sì dá ààbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Ẹ lè fi ṣeré nínú ìwé àjákọ yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tẹ ewì náà jáde, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Crowther ti kú láti 1891, ìyẹn kò ní wàhálà. Àwọn ìtumọ̀ Bíbélì tuntun ní olówó tiwọn, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Dáìsì lúdò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ká ní pupa àti funfun. Bírò. Ìwé àjákọ. Pépà tí ẹ ó gé sí pẹlẹbẹ, àti àlùmágàjí tí ẹ ó fi gé e. Ẹ má fi àlùmágàjí kan ìwé fúnra rẹ̀. Dída ọ̀rọ̀ kọ pẹ̀lú ọwọ́ wà lára iṣẹ́ náà, torí bí ọwọ́ bá ń kọ ọ́ ni etí ń gbọ́ ọ.

Jíju dáìsì

Ẹ kọ́kọ́ wá orí. Ẹ ju dáìsì kan. Bí 1, 2 tàbí 3 bá jáde, ìdajì àkọ́kọ́ ìwé lẹ wà, orí 1 sí 6. Bí ó bá jẹ́ 4, 5 tàbí 6, ìdajì kejì ni, orí 7 sí 12. Ẹ tún un jù lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ìdajì àkọ́kọ́, nọ́ńbà tó bá jáde ni orí. Nínú ìdajì kejì, ẹ ro 6 mọ́ ọn.

Ó lè wù yín láti ju dáìsì méjì pọ̀ kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀ kí ó lè yá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àròpọ̀ dáìsì méjì kò lè di 1 láéláé, nítorí náà orí kìíní, níbi tí oòrùn ti ń là tí odò sì ń ṣàn, kò ní ṣí fún yín títí ayé. 7 ní ọ̀nà 6 nínú 36 tó lè gbà jáde, nígbà tí 2 àti 12 ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Orí keje ni ẹ ó máa pààrà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ ló kàn. Ẹ ju pupa àti funfun pọ̀. Ẹ yọ 1 kúrò nínú ti pupa, ẹ sọ ìyókù di ìlọ́po mẹ́fà, ẹ wá ro ti funfun mọ́ ọn. Bí pupa bá jẹ́ 2, tí funfun jẹ́ 6: 2 dín 1 kù 1, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 6, ẹ ro 6 mọ́ ọn, ẹsẹ 12. Ọ̀nà yìí lè gbé yín dé 36, orí tó gùn jù nínú Oníwàásù, ìyẹn orí keje, kò sì ju ẹsẹ 29 lọ. Bí nọ́ńbà bá ju ẹsẹ orí náà lọ, ẹ tún un jù. Orí kọkànlá ní ẹsẹ 10 péré, ẹ ní sùúrù níbẹ̀.

Jíjá ọ̀rọ̀

Ẹ ka odindi ẹsẹ náà sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá já ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́fà tó tẹ̀léra. Ẹ kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan láàárín, ẹ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ̀kan. Ibi tó bá wù yín lẹ lè ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá wù yín lẹ lè parí sí, òmìnira ńlá sì nìyẹn. Ẹ wo orí 11 ẹsẹ 4: “Ẹni tí ń kíyèsí afẹ́fẹ́ kì yóò fúnrúgbìn.” Bí ẹ bá gbé e lódindi, ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀ ni. Bí ẹ bá já a sí “ẹni tí ń kíyèsí afẹ́fẹ́”, ọkùnrin tàbí obìnrin kan dúró níta, ojú rẹ̀ ń wo òkè, a kò sì tíì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Èmi máa ń gé e ṣáájú ìdájọ́. Oníwàásù fẹ́ràn láti dájọ́. Ewì yín kò nílò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún “ó”, “rẹ̀” àti “wọn”. Nínú ìwé, a mọ ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí. Lórí pẹlẹbẹ pépà, a kò mọ̀ mọ́. Ẹyọ kan nínú ewì kan kì í ba nǹkan jẹ́, ó tilẹ̀ lè mú ọ̀rọ̀ rìn. Mẹ́ta, ewì á di ìtàn tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lórí àmì ohùn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Bíbélì tí mò ń lò jẹ́ ti àtijọ́, àmì orí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń fi õ àti ã dípò fáwẹ̀lì méjì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo da ọ̀rọ̀ kọ bí mo ṣe rí i, n kò fi àmì sí i, n kò sì kọ orí àti ẹsẹ sẹ́yìn pépà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo kó wọn jáde. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kọ “labẹ ọrun” sí. Ọ̀run tí Ọlọ́run wà ni àbí ọrùn tí à ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí? Ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà ńkọ́? Ó tún lè jẹ́ pé oòrùn ni mo fẹ́ kọ, torí Oníwàásù kò yé sọ “lábẹ́ oòrùn”, bírò mi sì lè ti fo nǹkan. Mo tún orí mẹ́ta kà kí n tó rí i ní orí 3 ẹsẹ 1: lábẹ́ ọ̀run ni. Láti ọjọ́ náà, kí bírò tó kúrò lórí pépà ni mo ti ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, mo sì ń kọ orí àti ẹsẹ sẹ́yìn rẹ̀.

Àmì fífi yìí àti kíkọ “ẹni tí” dípò “ẹniti” kì í ṣe ìyípadà ọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ohùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ẹ kàn ń mú jáde. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹ fi ohùn mìíràn sí i nítorí pé ó wù yín. Bí ọ̀run bá di ọrùn lọ́wọ́ yín, ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn.

Méjìlá tí dáìsì fún mi

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo jókòó sórí ẹní, mo sì jù ú ní ìgbà méjìlá. Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀léra:

ààyè ajá (9:4)
òkun kò kún (1:7)
nínú ìwé púpọ̀ (12:12)
ìgbà dídákẹ́ (3:7)
bí àwọsánmà bá kún fún òjò (11:3)
ẹyẹ ojú ọ̀run (10:20)
bí ó ti wà rí (12:7)
ẹni tí ń kíyèsí afẹ́fẹ́ (11:4)
ìran mìíràn sì bọ̀ (1:4)
ìmọ́lẹ̀ dùn (11:7)
ọjọ́ ikú (7:1)

Mọ́kànlá lẹ rí. Ìkejìlá bọ́ sí orí kẹjọ, mo ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè já níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ẹ lè fi ẹsẹ kan sílẹ̀ nínú méjìlá. Bí ẹ bá ń fi márùn-ún sílẹ̀, ẹ ti ń yan ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, dáìsì kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́.

Títò

Ẹ tẹ́ àwọn pẹlẹbẹ pépà sórí tábìlì tàbí orí ẹní, kí ẹ máa sún wọn kiri. Ẹ má tò wọ́n lórí fóònù. Ó yẹ kí ọwọ́ lè gbé ọ̀kan kúrò láàárín méjì kí ojú sì rí àyè tó fi sílẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá kì í ṣe ìtumọ̀. Ohùn ni. Mo ń ka méjì méjì sókè, mo ń wá èyí tí ọ̀kan ń pe èkejì. Mo ka “bí àwọsánmà bá kún fún òjò”, mo wá ka “òkun kò kún” tẹ̀lé e, ara mi sì bù máṣọ. Kún, kún. Orí kọkànlá ni ọ̀kan ti wá, orí kìíní ni èkejì ti wá, wọ́n sì pàdé bí ẹni tó ti ń wá ara wọn tipẹ́. Nínú ìwé, odò gbogbo ló ń ṣàn sínú òkun tí òkun kò fi kún. Lórí ẹní mi, òjò ni. Èmi kọ́ ni mo ro ó, n kò sì lè rò ó láéláé.

Mo wá yọ méjì dànù. “Ààyè ajá” kọ́kọ́ lọ. Yorùbá tó bá ti gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á ti fi “sàn ju òkú kìnnìún lọ” parí rẹ̀, ohunkóhun tí mo bá kọ tẹ̀lé e kò ní wọlé sí i létí. Ọ̀rọ̀ tó ti di òwe máa ń fa odindi òwe náà tẹ̀lé ara rẹ̀ ni. “Ọjọ́ ikú” tẹ̀lé e. Ó wúwo jù. Gbogbo ibi tí mo gbé e sí, ìlà yòókù dojú kọ ọ́ bí ẹni tó wá sílé òkú. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n lè ṣe bíi ti Tzara. Ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé rárá.

Ìtò àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò dára. Mo fi “ìmọ́lẹ̀ dùn” bẹ̀rẹ̀, nítorí mo rò pé ìmọ́lẹ̀ yẹ kó ṣáájú. Bí mo ṣe ń kà á, mo ń sáré wá ibi tí òjò wà. Ibi tí ẹ bá ń sáré lọ nígbà tí ẹ bá ń kà á sókè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé òjò ṣáájú, àwọn yòókù sì wá àyè jókòó:

Bí àwọsánmà bá kún fún òjò,
òkun kò kún.
Ẹyẹ ojú ọ̀run
nínú ìwé púpọ̀,
bí ó ti wà rí.
Ìgbà dídákẹ́,
ẹni tí ń kíyèsí afẹ́fẹ́.
Ìran mìíràn sì bọ̀;
ìmọ́lẹ̀ dùn.
Òkun kò kún.

Àmì ìdánudúró jẹ́ tiyín, ẹ fi wọ́n síbi tí èémí bá ti ń dá. Lẹ́tà ńlá jẹ́ tiyín. Ẹ lè pe ìlà kan padà lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe pe òkun padà ní ìparí. Yorùbá fẹ́ràn ègbè, ewì tí kò ní ègbè rárá máa ń dún bí ìkéde. Ẹ má pe ju ẹyọ kan padà. Ẹ wo òfin Ausonius náà: 11:3 àti 11:4 wà nínú ewì yìí, ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún ló wà láàárín wọn, wọn kò lè di ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ mọ́.

Ní ti àkọlé, ẹ mú un láti inú ewì náà. Ti èmi ni “Nínú Ìwé Púpọ̀”. Ẹ sì kọ orúkọ ìwé tí ẹ ti já ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú orí àti ẹsẹ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ya ewé lóko olóko, ó yẹ kó sọ oko tó ti ya á.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣe é, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa ju dáìsì, kí òmíràn máa ṣírò, kí ẹlòmíràn máa já ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń ṣírò yóò mọ ìlọ́po mẹ́fà kí ewì tó parí. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jà lórí títò. Ìjà yẹn dára.

Kíkà á fún ẹnìkan

Ẹ pa ewì náà tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún ẹni tó mọ ìwé ọ̀hún dáadáa, láìsọ ibi tí ẹ ti rí i. Màmá àgbà kan nínú ìjọ wa ni mo ka tèmi fún. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó ti ka Bíbélì yẹn já tó ìgbà mélòó kan. Ó dìjú. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Òkun yẹn, mo mọ̀ ọ́n, Oníwàásù ni. Ẹyẹ tó wà nínú ìwé ni n kò mọ̀ rí.”

Mo ní, “Oníwàásù náà ni, Màmá.”

Ó ní irọ́ ni. Ó ní kí n gbé e wá, kí n kà á sí òun létí. Mo ṣí orí kẹwàá, mo ka ẹsẹ ogún, níbi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe bú ọba, kódà nínú èrò ọkàn wa, pé kí a má sì bú ọlọ́rọ̀ nínú yàrá wa, torí ẹyẹ ojú ọ̀run yóò gbé ohùn náà lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n tún ewì náà kà, kí n sì rọra kà á tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ.